Kí ló dé tí aláwàdà yìí kò pa wá lẹ́rìn-ín? Ìdáhùn lórí fíìmù Punch-Drunk Love

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta pé òun àti àwọn ọmọ òun fẹ́ràn eré apanilẹ́rìn-ín Adam Sandler, pé ìdí nìyẹn tí òun fi jókòó ti fíìmù aládàádúró kan tí wọ́n ń pè ní Punch-Drunk Love nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ó ní òun wò ó tán, òun kò rẹ́rìn-ín, òun kò sì sunkún, ṣe ni àyà òun kàn ń já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá béèrè pé irú eré wo gan-an ni èyí, kí ni ti dùùrù tí wọ́n gbé sẹ́bàá títì, ǹjẹ́ òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ púdíǹgì yẹn, àti pé kí ló dé tí olùdarí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi lọ mú aláwàdà sí ipò tí kò ti ní í ṣàwàdà. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè bóyá òun lè jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wò ó.

Ẹ ṣeun, mà. Àyà yín tó ń já yẹn gan-an ni olùdarí fíìmù náà ń wá, nítorí náà ẹ kò ṣì í wò. Èrò tèmi ni pé Sandler kò fi iṣẹ́ àwàdà rẹ̀ sílẹ̀ rárá nínú fíìmù yìí. Ẹ̀dá tó ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún pípẹ́ náà ló tún ṣe, ìyẹn ọkùnrin tó ti dàgbà lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí ọmọdé kò tíì kúrò nínú rẹ̀, tó ń tijú, tó ń kólòlò, tí inú sì máa ń bí sódì lójijì. Ohun tó yí padà ni pé olùdarí gba àṣẹ ẹ̀rín kúrò lọ́wọ́ àwa tí a ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ayé mọ Sandler mọ́ kí ọdún 2002 tó dé. Ó ti wà nínú ètò àwàdà tẹlifíṣọ̀n Saturday Night Live láti ọdún 1990 títí di 1995 kó tó gbájú mọ́ sinimá. Nínú Happy Gilmore, tó jáde ní 1996, ó ṣe agbábọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan tó máa ń ja ìjà lórí pápá bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe fẹ́. Nínú The Waterboy, ti 1998, ó ṣe ẹni tí ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lómi, tí gbogbo wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí ìbínú tó ti kó jọ sínú fi sọ ọ́ di akọni. Ìbínú ló ń mówó wọlé nínú eré méjèèjì. A ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹni tó lù kì í fara pa ní tòótọ́, nítorí pé orin amóríyá ń dún lẹ́yìn rẹ̀, àti nítorí pé a ti mọ̀ kí eré tó dé ìdajì pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ yóò dárí jì í.

Paul Thomas Anderson, tó kọ Punch-Drunk Love tó sì darí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn yóò rò pé ó ń wo irú eré bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣe Boogie Nights ní 1997 àti Magnolia ní 1999, èyí tó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, tí ikú, àrùn jẹjẹrẹ àti ìrònú kún inú rẹ̀ bámúbámú. Lẹ́yìn Magnolia ni ó ń sọ fún àwọn oníròyìn pé ìwọ̀n wákàtí kan àbọ̀ ni fíìmù tí òun yóò tún ṣe yóò jẹ́, àti pé Adam Sandler ni yóò jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ń dápàárá ni. Fíìmù náà jẹ́ ìṣẹ́jú 95. Wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún sinimá ìlú Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, Anderson sì gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ, tí òun àti Im Kwon-taek, ará Kòríà, jọ pín. Ní ti pé ẹ pè é ní fíìmù aládàádúró, bí a bá wo àpò owó rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìwà rẹ̀, ẹ kò jìnnà sí òótọ́: ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo ló hàn nínú gbogbo rẹ̀, kò sì jọ ohun tí ìgbìmọ̀ kankan lè jókòó fọwọ́ sí.

Barry Egan ni orúkọ ọkùnrin tí Sandler ṣe. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní àfonífojì San Fernando, ní Los Angeles, níbi tó ti ń ta ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń ti ihò ilé ìtọ̀ tó dí, èyí tí wọ́n ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Arábìnrin méje ló ní. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń pè é níbi iṣẹ́, bí ọ̀kan ti ń gbé fóònù sílẹ̀ ni òmíràn ń gbé e, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé yóò wá síbi àpèjẹ tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lọ. Bó ti dúró sí àárín wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rántí bí wọ́n ṣe máa ń pè é ní orúkọ ẹ̀sín nígbà tó wà lọ́mọdé, àti bí inú ṣe bí i lọ́jọ́ kan tó fi ju òòlù la ilẹ̀kùn gíláàsì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí. Barry náà rọra ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tó dìde, tó sì fi ẹsẹ̀ fọ́ àwọn ilẹ̀kùn gíláàsì ilé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìran yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo fíìmù náà lójú mi, nítorí pé àwọn arábìnrin méje yẹn, àwa òǹwòran Sandler ni. Ìbínú Barry ti di àpárá ìdílé fún wọn, wọ́n sì ti pa á jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè rí ohun tó ń bí i nínú. Anderson mú àpárá tí a ti san owó wò ní Happy Gilmore, ó gbé e sínú yàrá ìjẹun àwọn ènìyàn gidi, níbi tí gíláàsì tó bá fọ́ ti ń gé ni lọ́wọ́ tí ẹni tó ni ilé sì ń pariwo. Ṣebí àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Anderson yí ojú òwe náà padà, ó ń fi ẹkún tó ti wà nínú ohun tí a ń rín láti ọjọ́ yìí hàn wá.

Lẹ́yìn tó fọ́ ilẹ̀kùn tán, Barry fa ọkọ ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ fún un pé ìgbà mìíràn wà tí òun kì í fẹ́ràn ara òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ran òun lọ́wọ́, nítorí dókítà ni ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà fèsì pé dókítà eyín ni òun. Barry ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé ó lè mọ àwọn dókítà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe é gan-an, ó ní òun kò lè sọ bóyá nǹkan kan ń ṣe òun, nítorí pé òun kò mọ bí àwọn ènìyàn yòókù ṣe rí. Ó fi kún un pé òun máa ń sunkún púpọ̀ láìnídìí, ẹkún sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó fọwọ́ bojú, ó sá kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe kọ ìran yìí. Bí a bá yọ ẹkún ìparí rẹ̀ kúrò, àpárá pátápátá ni: ọkùnrin kan ń wá ìwòsàn ọkàn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Òṣèré tí a mọ̀ mọ́ eré ẹkún ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí mú àánú wá láti gbólóhùn àkọ́kọ́, a ì bá sì ti mọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Sandler kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà wéréwéré, láìgbé ojú sókè, ó sì ń dánu dúró níbi tí aláwàdà ti máa ń dánu dúró kí èrò lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kò dé, àlàfo náà sì ṣófo. Àlàfo yẹn ni ohun tí aláwàdà ní tí ọ̀pọ̀ òṣèré yòókù kò ní. Ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ti ń wọn ìdákẹ́jẹ́ lórí ìtàgé, ó sì mọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí òǹwòran lè fara dà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí ni ín. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nípa ìdí tí olùdarí fi ń wá aláwàdà kiri nìyẹn, ju pé ó fẹ́ ya àwọn ènìyàn lẹ́nu lọ.

Àwa tí a dàgbà sídìí eré Moses Ọláìyá mọ̀ bí àṣẹ ẹ̀rín ṣe ń ṣiṣẹ́. Jígí ràgàjì ojú Baba Sálà àti táì ọrùn rẹ̀ tó tóbi kọjá ààlà ti sọ fún wa kó tó la ẹnu pé a lè máa rẹ́rìn-ín. Kódà nínú Ọ̀run Mooru, tó jáde lọ́dún 1982, níbi tí òṣì ti ta ẹ̀dá ìtàn náà débi pé ikú wù ú, àṣẹ yẹn kò kúrò. Barry ní tirẹ̀ wọ kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù kan tó mọ́lẹ̀ lójú, ó sì wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi í pé kí ló dé tó fi múra báyìí, kò sì ní èsì gidi kan fún wọn. Aṣọ náà kò pani lẹ́rìn-ín, kò sì bójú mu tán. Ó kàn ń mú kí ojú wa máa wá a kiri níbi gbogbo tó bá wọ̀.

Àyà jíjá tí ẹ sọ, etí ló ti ń bá yín wọlé ju ojú lọ. Jon Brion ló ṣe orin fíìmù náà, kò sì ṣe é bíi ti eré ìfẹ́. Níbi tó ṣe pàtàkì jù, ìlù, ìró kíkan bí irin àti ìró tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ló ń lọ láìdúró. Bí ẹ bá tún un wò, ẹ wo ọjọ́ tí arábìnrin Barry mú Lena, obìnrin tí Barry yóò nífẹ̀ẹ́, tí Emily Watson ṣe, wá sí ilé ìkẹ́rùsí. Arábìnrin náà ń da ìbéèrè bò ó, fóònù ń dún, ẹni tó sì wà lórí fóònù ń halẹ̀ mọ́ ọn nítorí owó, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọkọ̀ akẹ́rù wó nǹkan lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, Barry sì ní láti máa dá gbogbo wọn lóhùn kí ó sì máa rẹ́rìn-ín sí obìnrin tó wù ú. Kò sí àpárá kankan nínú ìran náà tí a kò ti lè rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ pé wọ́n dákẹ́ ìlù. Ìlù yẹn ló fi wá sínú orí Barry, kò sì sí ẹni tó wà nínú orí rẹ̀ tí yóò ráàyè rẹ́rìn-ín. Robert Elswit tó mú kámẹ́rà pẹ̀lú jẹ́ kí iná máa ta sí ojú lẹ́ńsì, tí ìlà búlúù fi ń la àwòrán já. Àwọn àwọ̀ tó ń ṣàn wọ inú ara wọn láàárín ìran kan àti òmíràn, iṣẹ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jeremy Blake ni.

Ọ̀rọ̀ púdíǹgì jẹ́ òótọ́. Ní ọdún 1999, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Kalifóníà ṣàkíyèsí pé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ Healthy Choice ń fi máìlì ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn ẹ̀bùn tí ènìyàn ń kó jọ láti fi wọ ọkọ̀ òfurufú láìsan owó, ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ, àti pé máìlì tí wọ́n ń fún ènìyàn lórí oúnjẹ wọn tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ṣe iyebíye ju oúnjẹ náà gan-an lọ. Oúnjẹ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ yẹn ni púdíǹgì inú ife, ìyẹn oúnjẹ aládídùn rírọ̀ kan, sẹ́ǹtì 25 péré. Ó ra ife 12,150, ó ná nǹkan bíi 3,000 dọ́là, ó sì gba ohun tó ju mílíọ̀nù kan máìlì lọ. Nítorí pé òun nìkan kò lè bó gbogbo àmì ara ife náà, tí wọ́n fi ń gba máìlì, tán, ó fi púdíǹgì náà ta àjọ aláàánú kan lọ́rẹ, àwọn ènìyàn wọn sì bá a bó o. Anderson gbọ́ ìtàn yìí, ó sì fi ọgbọ́n náà fún Barry, tó ń ra púdíǹgì jọ nínú fíìmù náà. Ọkùnrin tó gbọ́n tó láti rí àṣìṣe inú ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ ńlá, tí kì í sì rìnrìn àjò lọ sí ibì kankan, ìyẹn ni ohun tí púdíǹgì náà ń sọ fún wa nípa rẹ̀. Nígbà tí Lena lọ sí Hawaii tí Barry fẹ́ tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí máìlì rẹ̀ tó jáde. Ó fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lójú mi, àpárá tó dára jù lọ nínú fíìmù náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ni Barry ń pariwo nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Dùùrù kò ní àlàyé, mà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlàyé dà yín láàmú. Ọkọ̀ kan gbé e sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà tí Lena kọ́kọ́ wá gbé mọ́tò rẹ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Barry gbé e wọ ọ́fíìsì, ó lẹ ibi tó ti ya, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Èyí tó yẹ kí a rí ni pé òun nìkan ni ohun ẹlẹgẹ́ tí ọwọ́ Barry kàn tí kò fọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìbínú rẹ̀ kò lọ títí eré fi parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìdánìkanwà pọ̀ fún un, Barry pe nọ́ńbà àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe lórí fóònù, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà káàdì rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í halẹ̀ gba owó. Ọ̀gá wọn, tí Philip Seymour Hoffman ṣe, ń ta tìmùtìmù ìbùsùn ní ìlú Provo, ní ìpínlẹ̀ Utah, ó sì rán àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí Barry. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ kọlu mọ́tò rẹ̀ tí orí Lena sì ṣẹ̀jẹ̀, Barry sọ̀kalẹ̀, ó fi irin lu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú rẹ̀ kò sì fi hàn pé ó ń bínú rárá. Kódà ní Hawaii, nígbà tí òun àti Lena wà lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ ìwà ipá ni wọ́n fi sọ ìfẹ́: Barry ní ojú rẹ̀ rẹwà débi pé ó ń ṣe òun bíi kí òun fi òòlù fọ́ ọ, Lena sì dá a lóhùn ní èdè kan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ibẹ̀ yẹn máa ń rí lára. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan gbọ́ ìbínú Barry tí kò fi ṣe ẹlẹ́yà, tí kò sì sá fún un.

Ibi tí fíìmù náà ti kù díẹ̀ káàtó, Lena fúnra rẹ̀ ni. Emily Watson ń fi ojú sọ ohun púpọ̀, síbẹ̀ a kò mọ ohun tí obìnrin yìí ń fẹ́ fún ara rẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó rí fọ́tò Barry, ó sì wù ú. Ó ń dúró de Barry, ó ń dárí jì í, ó sì tún ń dúró dè é. Anderson ti fi gbogbo ìfura rẹ̀ lé Barry lórí, ó wá jẹ́ kí Lena wọlé láti inú irú eré ìfẹ́ tí òun ń yẹra fún.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ kò mọ ibi tí ẹ ó fi fíìmù yìí sí. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ Sandler sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Golden Globe nítorí rẹ̀, abala àwọn eré àwàdà àti olórin ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó fẹ́ràn Happy Gilmore kò tú jáde lọ wò ó, owó tó sì pa ní ilé sinimá kò ju iye tí wọ́n ná sí i lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí aláwàdà bá gba ipò tó le ni ó máa ń rí báyìí. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé kí wọ́n bọ́ ohun èlò àwàdà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Robin Williams, fún àpẹẹrẹ, dá irùngbọ̀n sí nínú Good Will Hunting, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 1998. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé irùngbọ̀n yẹn ló ń sọ fún wa pé kí a má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Anderson ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó fi gbogbo ohun èlò náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Sandler. Bí ẹ bá fẹ́ rí i bí irú rẹ̀ ṣe tún wáyé, ẹ wá Uncut Gems ti ọdún 2019, fíìmù aládàádúró ní tòótọ́, níbi tí Sandler ti ṣe oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tó ń ta tẹ́tẹ́ ní New York. Ó gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó dára jù lọ ti Independent Spirit nítorí rẹ̀ ní 2020. Ariwo inú rẹ̀ ju ti Punch-Drunk Love lọ, nítorí náà ẹ fi ọkàn yín sílẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jókòó tì í.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ iwájú. Ìpele R ni wọ́n fi Punch-Drunk Love sí ní Amẹ́ríkà, èyí tó fi hàn pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọdọ̀ wò ó ní ilé sinimá láìsí òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọn àti ìhòòhò kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí fóònù yẹn kò ṣe é gbọ́ létí ọmọdé, èébú inú rẹ̀ sì pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ tó ń wo Sandler láti rẹ́rìn-ín yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí Barry bá ń fọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì, ẹ̀yin ni yóò sì wá kù tí ẹ ó máa wá bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé fún wọn ohun tó dé tí ẹ kò fi rẹ́rìn-ín.